Ohùn Àárín

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn
tó wà lẹ́yìn ilé ìwé àtijọ́ kan l'Ókèsà,
mo gbá àpótí fíólà mọ́yà bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Òjò ti wẹ òkè, ó ti wẹ pánù,
ó ku bàtà mi tí ẹrẹ̀ Ilẹ́ṣà ò tíì jọ̀wọ́.

Bàbá Fámúrewá gbójú sókè nídìí dùùrù:
"Àlejò, wọlé. Bàtà ò kọrin."

Àwọn mẹ́jọ ni mo bá.
Moróhùnfólú tó ń ta awò ojú n'Íṣọkùn,
fayolíìnì lábẹ́ àgbọ̀n, ojú rẹ̀ ní dídì.
Ẹniafẹ́ tó ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀,
fèrè fàdákà lọ́wọ́, gíríìsì léèékánná.
Àti tọkọtaya kan tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀
àfi tí ṣẹ́lò ìyàwó bá ń dá fayolíìnì ọkọ lóhùn.

"Orúkọ?"
"Bámitálẹ́. Ará Ṣakí.
Iṣẹ́ ọsibítù ló gbé mi dé, fáìlì aláìsàn ni mò ń tọ́jú."
"Yàtọ̀ sí orin ńkọ́? Kí lo fẹ́ràn?"

Ahọ́n mi wúwo.
Ṣé kí n sọ pé mò ń sin ìgbín ni?
Mo sọ ọ́.
Mọ́kàndínlógójì, nínú táyà ògbólógbòó lẹ́yìnkùlé,
mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo ní mo tún máa ń jí rédíò tó ti kú,
n kì í tà á, n kì í gbọ́ ìròyìn ńbẹ̀,
èémí àkọ́kọ́ yẹn ni mo ń wá,
híììì tó ń jáde kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.
Ẹniafẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín:
"Bàbá, a ti rí ẹni tí yóò máa ṣíwájú wa
níbi tí ìwé orin bá ti ní ká rọra!"
Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́nu ara mi.

Ìwé tí wọ́n fún mi, ìsinmi ló kún un.
Ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún, kí n máa kà á, kí n má ta nǹkan kan.
Bàbá ní, "Baba tó bí baba mi tajà àwìn títí dé Ìlọrin.
Bí ọjọ́ owó bá pé, a lóṣòó sẹ́nu ilé onígbèsè,
kò ní pariwo, kò ní jókòó, kò ní lọ.
Òṣómàáló ni wá níbí.
Lóṣòó ti ìsinmi yẹn. Yóò san."

Mo lóṣòó lọ́kàn, mo kà á.
Mo wọlé ní ìkẹtàlélógún.
Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Moróhùnfólú sún mọ́ mi:
"O ń ta fíólà bí ẹni ń tọrọ gáfárà.
Mí ni fayolíìnì, dò ni ṣẹ́lò,
tìẹ ni re, ohùn àárín,
èyí tí akọ̀wé kì í fàmì sí lórí.
Pe orúkọ ara rẹ díẹ̀díẹ̀: Bá. Mi. Tá. Lẹ́.
Èwo ni kò lámì níbẹ̀?"

Mo rìn dé Èréjà kí n tó dá a lóhùn,
ó sì ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ.

Ní Sátidé kejì, mo bá ewé ìbẹ́pẹ tútù
nínú ọ̀rá dúdú lórí àga mi,
rédíò kan tí kò ní bọ́tìnnì sì wà nísàlẹ̀.
Wọ́n ń wa ohùn wọn pọ̀, gbogbo wọn ṣe bí ẹni tí ò mọ̀.

Mo ṣí ìwé orin mi.
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé ti sá wọlé lóru Ọjọ́bọ̀,
ó ti rìn kọjá ojú ìwé,
ó fa ìlà tó ń dán, ìlà tó tẹ̀ bí ọrun,
láti ohùn tó kẹ́yìn kí n tó dákẹ́
dé èyí tí mo máa ń ṣì wọ̀.